Bí Ọdẹ́jìnmí Ṣe Gba Ohùn Tíṣà Padà Lọ́wọ́ Alágádágodo

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ará Òkè-Awùsá. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé yìí níbi tí òjìji wà. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, kó máa jẹ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó gbé ọmọ lọ́wọ́, kó fún un lọ́mú, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kò fẹ́ ariwo. Ìtàn Ọdẹ́jìnmí ni. Ẹ má wojú ara yín. Mo mọ̀ pé orúkọ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwa ọdẹ ayé àtijọ́ kì í wí pé "èmi ni mo ṣe é" tí a bá ti inú igbó dé. "Ọdẹ kan wà" là ń wí, kí igbó má baà gbọ́ orúkọ wa kó tẹ̀ lé wa wálé. Nítorí náà, Ọdẹ́jìnmí ni mò ń sọ, ẹni tí ẹkùn ń rí tó ń yà fún lọ́nà, ẹni tó fi ọta kan ṣoṣo pa ẹfọ̀n méjì, tí ọta náà sì tún ní agbára tó fi já àgbọn kan bọ́ fún un kó fi panu. Làsísì télọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Máa rẹ́rìn-ín o, Làsísì. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí ń bá iwin wọ̀yá ìjà, abẹ́rẹ́ ni ìwọ ń wá nínú òkìtì àkísà.

Ọdẹ́jìnmí bí ọmọbìnrin kan, Iyùnadé ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ náà kò gba ìbọn, kò gba àdá. Ìwé ló gbà. Nígbà tó kàwé dé, ìlú fi ṣe tíṣà, òun náà ló sì ń tọ́jú ilé ìkàwé yìí, ilé kékeré onípáànù tó ní fèrèsé méjì. Ìwé inú rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tí àwọn ọmọ fẹ́ràn jù ni ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Ìrìn Omi, ẹyọ kan ṣoṣo ló sì wà ní gbogbo agbègbè wa. Ìyá kan tó ń jẹ́ Ajíkọ̀wé ló kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì mọ ibi tí ìyá náà ń gbé.

Àwọn ọmọ pọ̀, ìwé jẹ́ ẹyọ kan. Kí ni kí tíṣà ṣe? Ṣé kó fa ìwé náà ya wẹ́wẹ́ bí ẹni pín ẹran ni? Iyùnadé mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ orí kan nínú ìwé náà sójú pátákó kíláàsì kí àwọn ọmọ lè wò ó kọ, ó sì ń kà á fún wọn, ó ń ṣàlàyé. Bó ṣe ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni ojú ọ̀run yí padà, tí iwin kan gba ojú fèrèsé wọlé. Àgádágodo ló bo gbogbo ara rẹ̀. Ó wà létí rẹ̀, ó wà nímú rẹ̀, ó wà ní ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó bá sì mí, gbogbo wọn á máa ró wọnranwọnran. Akèrègbè kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olè!" ni iwin náà kígbe. "Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ yẹn kì í ṣe tìẹ! Ajíkọ̀wé ló ni ín, èmi Alágádágodo ni olùṣọ́ rẹ̀. Ẹnu tó jalè ni mo wá mú."

Ó na ìka kan sí ọ̀fun Iyùnadé, ó fa ohùn rẹ̀ jáde bí ẹni fa òwú, ó rọ́ ọ sínú akèrègbè, ó sì fi ewé dí i lẹ́nu pa. Kó tó lọ, ó wí pé bí ọdún iṣu tuntun bá fi lè bá ohùn náà nínú akèrègbè, yóò di atẹ́gùn, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ mọ́ láyé.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kò mọ bó ṣe ń rí kí ọmọ ẹni la ẹnu kí nǹkan kan má jáde. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí ti oko ọdẹ dé, Iyùnadé kúnlẹ̀ láti kí i bó ṣe máa ń kí i. Ẹnu ṣí, ilé dákẹ́. Omi bọ́ lójú ọdẹ tí ẹkùn ń yà fún. Mi ò tijú láti sọ ọ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kò wá mọ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n, àwọn àgbà kan sì ti ń wí pé kí á kúkú ti ilé ìkàwé náà pa, pé ìwé ló kó wàhálà wọ̀lú. Àwọn tó wí bẹ́ẹ̀ wà láàárín yín níbí, mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di ẹran gbígbẹ sínú àpò, ó wá bi ọmọ rẹ̀ pé, "Iyùnadé, ṣé o jalè?"

Iyùnadé mi orí pé rárá. Ó wo bàbá rẹ̀ lójú, ó tún mi orí.

"Ó tó," ni Ọdẹ́jìnmí wí. "Dúró dè mí. N ó gbé e bọ̀."

Bí mo bá ní kí n máa ròyìn ọ̀nà fún yín, ilẹ̀ á ṣú. Ọdẹ́jìnmí tọ ipasẹ̀ iwin náà títí ó fi kọjá ibi tí igi ti ń jẹ́ orúkọ tí a mọ̀, ó wá bọ́ sí Igbó Má-Fọwọ́-Kàn. Háà! Gbogbo ohun tó wà nínú igbó yìí ni wọ́n tì pa. Èso wà lórí igi, àgádágodo wà lára èso. Ẹyẹ wà lórí ẹ̀ka, àgádágodo wà lẹ́nu ẹyẹ. Wọ́n fi ṣéènì de odò mọ́lẹ̀, tó bá fẹ́ ṣàn, á kàn máa gbọ̀n lójú kan ni. Kò sí ẹni tó ń jẹ èso náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó ń gbìn ín, ó kàn ń jẹrà sórí igi. Òórùn rẹ̀ le débi pé imú Ọdẹ́jìnmí ń bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n padà sílé.

Láàárín igbó yìí ni Alágádágodo jókòó sí.

"Níbo lò ń lọ, ìwọ alápò?"

"Ọ̀dọ̀ Ajíkọ̀wé ni mò ń lọ. Mo wá gba ohùn ọmọ mi."

"Ẹnikẹ́ni kì í kọjá níbí. Ṣé o kò gbọ́ ohun tí àwọn àgbà wí ni, pé bí iṣu ẹni bá ta, à ń fọwọ́ bò ó jẹ ni?"

"Mo gbọ́ ọ," ni Ọdẹ́jìnmí dáhùn. "Wọ́n ní kí á fọwọ́ bò ó jẹ. Wọn ò ní kí á fọwọ́ bò ó títí yóò fi jẹrà. Gbóòórùn igbó rẹ wò."

Inú bí iwin. Ó fò mọ́ ọdẹ. Ọdẹ́jìnmí gbé e sókè, ó là á mọ́lẹ̀ gbì! Ilẹ̀ mì tìtì, èso jíjẹrà ń já bọ́ lórí igi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ bá mi wo apá yìí. Apá tó gbé iwin nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè gbé garawa omi mọ́ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ìjà àgádágodo kì í ṣe ìjà agbára. Ibi tí Ọdẹ́jìnmí bá ti fọwọ́ kan iwin náà ni àgádágodo kan ti ń fò sí i lọ́wọ́ tó ń tì í pa. Kó tó mọ̀, apá méjèèjì ti di, ẹsẹ̀ méjèèjì ti di, ó wà nílẹ̀ bí ẹran iléyá.

Alágádágodo wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Bí o bá já àlọ́ mi, mo tú ọ sílẹ̀. Bí o kò bá já a, o di ara igbó mi. Kí ni aládùúgbò wá mú nílé ìyá rẹ, tó gbé e lọ sílé ara rẹ̀, tí tìyá rẹ kò sì dín?"

Ọdẹ́jìnmí ronú. Ó rántí iyọ̀, iyọ̀ dín. Ó rántí omi, omi dín. Nígbà tó yá ló rántí bí àwọn obìnrin àdúgbò ṣe máa ń gbé àpáàdì wá sílé wọn láàárọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, tí ìyá rẹ̀ á fi igi ha ẹyín iná méjì mẹ́ta sí i fún wọn, tí wọ́n á máa sáré lọ kó má baà kú. Ó kígbe pé, "Iná ni! Ìyá mi kò fi iná du aládùúgbò rí, ọbẹ̀ wa kò sì tìtorí rẹ̀ tutù!"

Gbogbo àgádágodo ara rẹ̀ ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dìde, ó ń gbọn eruku nù. Ṣùgbọ́n Alágádágodo kò tíì ṣetán.

"Ó dáa," ni iwin náà wí. "Bí gbogbo ìlú bá wá gbé ìkòkò ọbẹ̀ wọn wá sórí ààrò ìyá rẹ ńkọ́? Níbo ni òun alára yóò ti se tirẹ̀?"

Ọdẹ́jìnmí la ẹnu, kò rí èsì. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní kò rí èsì. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan láyé, ọjọ́ yẹn náà nìyẹn. Iwin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Máa wá èsì rẹ̀ bọ̀. Mò ń dúró dè ọ́ lágbàlá ọ̀gá mi." Ó sì pòórá.

Ìlú tó tẹ̀ lé igbó náà ni Àdàkọtán. Ohun tó kọ́kọ́ ya Ọdẹ́jìnmí lẹ́nu níbẹ̀ ni pé ojú kan náà ni gbogbo wọn ní, ọkùnrin wọn, obìnrin wọn, àgbà àti èwe. Imú pẹlẹbẹ, ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́, kò sí ẹni tó dá yàtọ̀. Ìwé ni gbogbo wọn ń tà lọ́jà, ìwé tí ẹlòmíràn kọ tí wọ́n dà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aládùúgbò dà á kọ lára aládùúgbò, ọmọ dà á kọ lára ìyá, títí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi ṣá bí aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn jù. Ìrìn Omi wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì.

Bàbá arúgbó kan jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán, òun nìkan ni ojú rẹ̀ yàtọ̀ sí tìyókù. Ó ti rù kan eegun. Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ kí i, ó bi í pé kí ló ṣe wọ́n.

"Ọmọ mi," ni bàbá náà wí, "èmi ni mò ń kọ ìtàn ní ìlú yìí. Bí mo bá kọ ọ̀kan láàárọ̀, kí n tó bu omi mu, gbogbo ilé ti dà á kọ, wọ́n ti gbé e lọ sọ́jà. Ẹni tí ì bá ra tèmi ti ra tiwọn. Ebi ló gba kálàmù lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti dákẹ́, ìtàn tuntun kankan kò jáde ní ìlú yìí mọ́, ti àtijọ́ ni wọ́n ṣì ń dà kọ."

Bí bàbá náà ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni olórí ìlú dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó gbé òkìtì Ìrìn Omi kan lé Ọdẹ́jìnmí lọ́wọ́, odindi ni gbogbo rẹ̀. "Àlejò, a ti gbọ́ nípa rẹ. Kí lò ń wá ohùn kiri sí? Gbé èyí lọ sílé. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, kí ẹ ta èyí tó bá kù. Ta ni yóò tún nílò tíṣà?"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, ó wù ú. Ó rẹ̀ ẹ́, ọ̀nà jìn, ẹrù náà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹ́ gbé e lérí, ó rí i pé imú òun ń tẹ́ pẹlẹbẹ díẹ̀díẹ̀. Ó fọwọ́ bà á, ó sì rántí pé imú bàbá òun ni, òun náà ló wà lójú Iyùnadé. Ẹnu ẹni la fi ń kọ "mi ò jẹ". Ó sọ ẹrù náà kalẹ̀, ó ní, "Ẹ gba nǹkan yín. Ọmọ mi kò rán mi wá kó oko olóko." Ó tú àpò rẹ̀, ó kó gbogbo ẹran gbígbẹ tó ń jẹ bọ̀ fún bàbá arúgbó náà, ó sì jáde ní ìlú yẹn lọ́wọ́ òfo. Nígbà tó dé ẹ̀yìn odi, imú rẹ̀ ti padà sípò. Ẹ wò ó, òun nìyí.

Wàyí o, ẹni tó fi oúnjẹ rẹ̀ tọrẹ, ebi ni yóò bá rìn. Ebi pa Ọdẹ́jìnmí débi pé ó ń rí òkúta bí ẹni rí àkàrà. Ibi tó ti ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lọ́nà ló ti já sí oko iṣu kan tó lọ rẹrẹẹrẹ, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀. Ó kígbe pé, "Ẹ kú oko o! Ebi ń pa àlejò o!" Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Ẹ̀yin náà mọ òfin tí àwọn baba wa fi lélẹ̀ fún arìnrìn-àjò. Bí ebi bá ká ọ mọ́ ẹ̀gbẹ́ oko olóko, o lè wa iṣu kan. Ibẹ̀ ni kó o ti sun ún, ibẹ̀ ni kó o ti jẹ ẹ́. Orí iṣu náà, o gbọ́dọ̀ dá a padà sínú ebè kó lè tún hù. Èèpo rẹ̀, orí ebè ni wàá kó o sí kí olóko lè rí i, kó mọ̀ pé ebi ló dé, kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n bí o bá di ìdajì iṣu péré lẹ́rù, ọ̀rọ̀ ti di ọ̀ràn. Ọdẹ́jìnmí wa iṣu kan. Ó bo orí rẹ̀ padà, ó sun ún, ó jẹ ẹ́, ó kó èèpo rẹ̀ sórí ebè, ó sì fi òkúta tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn má gbé e lọ. Ebi ṣì ń pa á. Àpò rẹ̀ ṣófo, oko kún, kò sì sí ojú tó ń wò ó. Kò fi ẹyọ kan sí àpò.

Òpin oko náà ni àgbàlá Ajíkọ̀wé wà. Ìyá arúgbó ni, dúdú tàdáwà ti mu apá rẹ̀ méjèèjì dé ìgúnwọ́, tó bá sì ń kọ̀wé, ńṣe ni kálàmù rẹ̀ ń dún bí òjò lórí páànù. Àwọn iwin pọ̀ yí i ká. Alágádágodo dúró sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, akèrègbè wà ní abíyá rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí gbójú sókè, ó rí i pé àwọn iwin ti ń gbá ilẹ̀ àgbàlá fún ọdún iṣu tuntun. Ọ̀la ni ọdún.

Kó tó dọ̀bálẹ̀ tán ni Ajíkọ̀wé ti sọ kálàmù sílẹ̀. "Ta ló wọ oko mi lónìí?"

"Olè ni!" ni Alágádágodo kígbe. "Mo rí ebè tó ṣófo! Ẹ jẹ́ kí n ti ọwọ́ ẹni náà pa!"

"Èmi ni, ìyá," ni Ọdẹ́jìnmí wí, ó dojú bolẹ̀. "Ebi ló pa mí."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ Alágádágodo, ebè nìkan lo rí. Èmi rí èèpo. Mo rí orí iṣu tó bò padà. Olè wo ló ń fi òkúta tẹ èèpo mọ́lẹ̀ fún olóko? Dìde, àlejò. Kí lo wá ṣe?"

Ẹ̀yin ará, ọdẹ tó mọṣẹ́ mọ ìgbà tí ẹran bá fi ẹ̀gbẹ́ hàn. Ọdẹ́jìnmí dìde, ó ní, "Ìyá, òfin tí mo fi wọ oko iṣu yín ni ọmọ mi fi wọ oko ọ̀rọ̀ yín. Tíṣà ni. Olùṣọ́ yín ló gbé ohùn rẹ̀, òun ló fi há abíyá yẹn."

Ajíkọ̀wé yíjú sí Alágádágodo. "Ohùn wo? Ta ló rán ọ níṣẹ́?"

"Mo... mò ń ṣọ́ nǹkan yín ni, ìyá."

"Ṣé o bi mí?"

Àgádágodo ara iwin náà ń ró wọnranwọnran. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò dá a lẹ́bi lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "A-gbọ́-ẹjọ́-ẹnì-kan-dá, àgbà òṣìkà. Ìwọ ọdẹ, bàbá ni ọ́, ọmọ kì í burú lójú bàbá. Ọ̀rọ̀ ni oúnjẹ mi, mo sì mọ ohun tí àwọn ará Àdàkọtán ń fojú mi rí. Nítorí náà, dá mi lóhùn. Kí ni ọmọ rẹ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe?"

"Ó fi kọ́ àwọn ọmọ tí kò ní ìwé."

"Èwo ló mú nínú ọ̀rọ̀ mi?"

"Ìrìn Omi, ìyá. Ìwé ẹ̀kọ́ ni, ẹ̀kọ́ náà ló sì fi kọ́ wọn."

"Báwo ló ṣe pọ̀ tó? Nígbà tó sì mú un tán, ṣé ó ku ẹni tí yóò ra tèmi, àbí ó ti bá mi ba ọjà jẹ́?"

Níbí ni Ọdẹ́jìnmí ti dúró. Ó lè purọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wí nínú ara yín pé irọ́ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò pa á lọ́jọ́ náà. "Ìyá, mi ò sí níbẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló wà nínú akèrègbè yẹn. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́rìí."

Alágádágodo fò sẹ́yìn. "Bí ẹ bá ṣí i níbí, ó lè fò lọ! Ohùn tó bá jáde lẹ́yìn odi ìlú rẹ̀, kò sí ẹni tó lè mú un mọ́!"

"Òótọ́ ló wí," ni Ajíkọ̀wé sọ. "Àlejò, ìwọ lo ni ọmọ. Kí a ṣí i, àbí kí a má ṣí i?"

Ẹfọ̀n kò dẹ́rù ba Ọdẹ́jìnmí, iwin kò dẹ́rù bà á, ewé kékeré tó dí ẹnu akèrègbè ló dẹ́rù bà á. Bí ohùn náà bá lọ, kí ni yóò lọ wí fún ọmọ tó ní kó dúró de òun? Ó pa ojú dé, ó ní, "Ẹ ṣí i. Mo mọ ọmọ mi. Kò ní fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sá lọ."

Wọ́n yọ ewé náà. Ohùn Iyùnadé jáde. Kò fò lọ. Ó dúró láàárín àgbàlá bí ẹni dúró níwájú pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà sókè kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan míì. Ajíkọ̀wé ni. Ó ní: omi kì í kú, aṣọ ló máa ń pààrọ̀. Ó wọ aṣọ odò láàárọ̀, ó wọ aṣọ ìkùukùu lọ́sàn-án, nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́, á wọ aṣọ òjò wálé."

Ohùn ọmọ kan yọ nínú akèrègbè, nítorí Alágádágodo ti fi ìkánjú rọ́ gbogbo rẹ̀ pọ̀. "Tíṣà, ṣé omi tí mo mu láàárọ̀ yìí ni bàbá bàbá mi fi wẹ̀?" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ó ṣeé ṣe," ni ohùn Iyùnadé wí. "Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kó o bà á jẹ́ fún ọmọ ọmọ tìẹ náà." Ó ń kà lọ, ó ń ṣàlàyé, títí tó fi dé ibi tí omi ti fẹ́ wọ inú àpáta. Ibẹ̀ ló ti dúró.

"Tíṣà, ẹ kà á tán fún wa!"

"Rárá o. Orí kan yìí ló kan ẹ̀kọ́ wa lónìí. Ìwé náà wà ní ilé ìkàwé, ẹ wá jókòó níbẹ̀ kẹ́ ẹ kà á. Ẹni tí àwọn òbí rẹ̀ bá lè rà á, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rà á, kí ìyá tó kọ ọ́ lè rí jẹ kó tún kọ òmíràn."

Ohùn tó tẹ̀ lé e ni ti Alágádágodo fúnra rẹ̀. "Olè!" Gbogbo iwin àgbàlá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìbàdí mú.

Ajíkọ̀wé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ onítàdáwà nù ún, ó sì ń kun ojú. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ̀wé nínú àgbàlá yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn rí. Ọmọ yẹn tó béèrè ọ̀rọ̀ bàbá bàbá rẹ̀, èmi tí mo kọ ọ́, mi ò rò ó débẹ̀. Wọ́n ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Iyùn ni ọmọ rẹ. Ó jẹ níbi tí ebi ti pa àwọn ọmọ rẹ̀, kò di ẹrù. Ó dá orí iṣu padà sínú ebè. Ó sì fi èèpo sílẹ̀, orúkọ mi ni èèpo náà. Kò jalè."

Ó wá kọjú sí olùṣọ́ rẹ̀. "Mi ò ní lé ọ, nítorí olè wà láyé. Ṣùgbọ́n Àdàkọtán ni iṣẹ́ rẹ wà. Bàbá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí ebi gba kálàmù lọ́wọ́ rẹ̀, lọ ṣọ́ tirẹ̀ fún un. Níbi yòówù tó o bá sì dé, kó o tó kígbe olè, kọ́kọ́ wá èèpo. Bí ẹlòmíràn bá wọ oko mi lọ́la, a ó tún bi òun náà bí a ṣe bi èyí."

Ọdẹ́jìnmí náà kò jẹ́ kí iwin lọ lásán. Ó ní, "Mo ti rí èsì àlọ́ rẹ. Ẹni tó gbé àpáàdì wá, kó gba ẹyín iná. Ẹni tó gbé ìkòkò ọbẹ̀ wá, kó lọ dá ààrò tirẹ̀." Alágádágodo gbọ́, ó ronú, ó sì ṣí àgádágodo tó wà létí rẹ̀ fúnra rẹ̀ kó lè gbọ́ ọ dáadáa.

Ajíkọ̀wé pe ohùn náà padà sínú akèrègbè, ó fi ewé tútù dí i, ó ní kó sáré. Ẹ̀yin ará, Ọdẹ́jìnmí sá eré! Ó gba Àdàkọtán kọjá, ojú ará ibẹ̀ kò mọ ohun tó kọjá. Ó gba Igbó Má-Fọwọ́-Kàn kọjá, ṣéènì ti já lẹ́sẹ̀ odò, odò náà ń bá a sáré. Kí oòrùn ọjọ́ ọdún tó yọ, ó já wọ Òkè-Awùsá. Àwọn ọmọ rí i, wọ́n tẹ̀ lé e. Àwọn òbí tẹ̀ lé ọmọ. Iyùnadé jókòó nìkan nínú kíláàsì, kò pa ohun tó wà lójú pátákó rẹ́ láti ọjọ́ náà.

Ọdẹ́jìnmí yọ ewé. Ohùn náà jáde, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó wọ ọ̀fun ọmọ lọ bí ẹni wọ ilé bàbá rẹ̀. Gbogbo wa ń retí pé yóò kígbe, pé yóò sunkún, pé yóò kí bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọjú sí àwọn ọmọ.

Ó ní, "Ibo la kà dé?"

"Ibi tí omi ti fẹ́ wọ inú àpáta!" Igbe àwọn ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ gbọ́! Agogo ti lù. Ohùn tó ń pe àwọn ọmọ wọlé yẹn, ohùn náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀yin àgbà, bí ẹ bá délé tí ẹ fẹ́ sọ ibi tó dùn jù nínú ìtàn yìí fún ará ilé, ẹ sọ ọ́, mi ò dí yín lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ní Ọdẹ́jìnmí ló sọ ọ́. Làsísì, ìwọ ni mò ń bá wí. Èèpo ẹ̀pà tó o fẹ́ gbá sápò yẹn náà, fi sílẹ̀ níbẹ̀, kí n lè mọ̀ pé o wá.